Ìkòkò Kẹfà Nílẹ̀ Balùwẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Fẹ́búárì 1957

Bí mo ṣe ń wẹ̀ nílé yìí nìyí. Mo máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Màá bu omi láti inú àmù ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, igbá mẹ́jọ péré — kànga jìn, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ará òkè ló ń fa omi gbẹ. Balùwẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé. Ògiri amọ̀ rẹ̀ dé mi léjìká. Màá ta ìró sórí ògiri kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ń mì, nítorí náà èyí tó wà nígun ni mo máa ń dúró lé. Orí kọ́kọ́, kí òtútù lè tètè kọjá. Ọṣẹ dúdú díẹ̀, kànìnkànìn tí ìyá mi dì fún mi láti Ìṣẹ́yìn. Igbá méjì fún orí, mẹ́rin fún ara, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Èyí tó kù, màá dà á sórí òkúta kí ọṣẹ má baà yọ̀ mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lẹ́sẹ̀.

Ìyá Àgbà ló máa ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Àpọ́nlé ni orúkọ wọn, ìyá baálé ilé. Kí wọ́n tó wẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ta omi díẹ̀ sí ìdí ògiri níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni ń bu omi fún adìyẹ. N kì í bi wọ́n léèrè. N kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nílé yìí.

Oṣù kan rèé tí mo ti dé Ọ̀tà nítorí ilé-ìwé mọ́dà tí mo wọlé sí lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àdìzát, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbà mí sílé. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Àdìzát, Láwàlì lórúkọ rẹ̀, ní lọ́rì kan tó ń kó gààrí lọ sí Èkó. Nínú ìwé yìí, Bàbá Tuntun ni mò ń pè é. Ohun gbogbo ló fẹ́ kó jẹ́ tuntun. Bí a ṣe jẹun tán lálẹ́ òní ló sọ pé òun yóò wó balùwẹ̀.

Bí wọ́n bá wó o, níbo la ó ti máa wẹ̀?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Fẹ́búárì

Mo ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Àdìzát, àgbà ọmọ wọn, ló sọ ọ́ fún mi níbi tá a ti ń ṣa ẹ̀wà. Kí n tó dé, àwọn ará Èkó tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá mọ ilé. Ìyá ọkọ ní òun fẹ́ tọ̀. Wọ́n mú un lọ sí balùwẹ̀. Àdìzát ní, "Ó ká aṣọ sókè bí ẹni ń la odò Ògùn kọjá! Ó padà wá, ó ní, 'Ẹ kú ìtọ́jú o.' Kò mu omi wa mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ju ẹ̀wà dáadáa mọ́ èyí tí kòkòrò ti jẹ.

Wọn yóò gbé ẹrù ìdána wá lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí: balùwẹ̀ onísìmẹ́ńtì, ilẹ̀kùn, páànù lórí. Pálọ̀ pẹ̀lú. Wọn yóò wú ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù pa, wọn yóò da sìmẹ́ńtì sí i, wọn yóò fi díńgí sójú fèrèsé.

Jìbírílù bíríkìlà wá lọ́sàn-án. Ó gùn, kì í wo ojú ènìyàn, okùn tó fi ń wọn ilé ló ń wò. Ó na okùn láti igun pálọ̀ kan sí èkejì, ó mi orí.

"Bàbá Àdìzát, ẹni tó kọ́ ilé yín yìí, ojú ló fi wọ̀n ọ́n."

"Bàbá mi ló kọ́ ọ."

"Hẹn-ẹ́n. Ojú wọn dáa. Ògiri náà kàn fẹ́ràn kọ̀rọ̀ ni."

Bàbá Tuntun rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ pa ògiri wíwọ́ náà bí ẹni ń pa màlúù lára.


Ọjọ́bọ̀, 7 Fẹ́búárì

Ẹrù pálọ̀ ti kún yàrá wa. Ẹsẹ̀ àga ni mo fi ṣe ìrọ̀rí lánàá.


Ọjọ́ Ẹtì, 8 Fẹ́búárì

Ìyá Àgbà kọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé. Bàbá Tuntun ní lọ́la ni dígà yóò kan ilẹ̀ balùwẹ̀. Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Láwàlì, ọkọ mi. Pálọ̀, ṣe é bó ṣe wù ọ́. Balùwẹ̀ yẹn, kọ́ òmíràn síbòmíràn."

"Ìyá mi, ibòmíràn wo? Kànga nìyẹn, ṣáláńgá nìyẹn. Wolé-wolé pàápàá ti kìlọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì."

"Ibi àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀."

 Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣàjèjì sí mi. Nílé wa náà, bí ìyá bá bímọ tán, wọ́n á gbé ibi ọmọ náà sínú ìkòkò, bàbá ọmọ á rì í mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, orí ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wẹ̀ fún ọmọ náà títí á fi lè jókòó. Tèmi wà ní Ìṣẹ́yìn, lẹ́yìn ilé ìyá bàbá mi, lábẹ́ igi ìyeyè. Nígbà tí mo ń bọ̀ lóṣù tó kọjá, mo lọ dúró níbẹ̀ díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Tuntun kò bínú. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tòun ti agbádá. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé màá jẹ́ kí dígà fọ́ ọ? Ọwọ́ la ó fi gbẹ́ ẹ. A ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tún wọn sin sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó da sìmẹ́ńtì. Ọwọ́ ara mi ni màá fi sin tèmi."

"Má ṣe é, Láwàlì."

"Ìyá, mẹ́fà péré ni. Kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan."

Gbogbo wọn rò pé ó ti tù wọ́n nínú. Mo ń wo ọwọ́ Ìyá Àgbà. Wọn kò jẹ ẹ̀kọ náà mọ́.


Ọjọ́ Àìkú, 10 Fẹ́búárì

Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Eruku pupa lórí ohun gbogbo, dórí búrẹ́dì. Ilẹ̀ pálọ̀ tí wọ́n wú náà nípọn bí ìwé tí wọ́n tò léra — ìpele ìpele, ọdún lórí ọdún. Ó ń bù ú sí kẹ̀kẹ́, ó ń dà á nù.

Ìyá Àgbà ní kí n wá bá àwọn di irun. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, balùwẹ̀ wà níwájú wa. Irun wọn fúyẹ́, ó funfun. Láìjẹ́ pé mo béèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Sírájúdéènì. Bàdírù. Láwàlì. Mùíbátù. Fàlílù. Kàsúmù. Láwàlì àti Mùíbátù nìkan ló wà láyé, Mùíbátù ń ṣòwò ní Kùmásì, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wálé mọ. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ni wọ́n ń na ìka sí ilẹ̀. Sírájúdéènì, igun. Bàdírù, ìdí ògiri. Mùíbátù, lábẹ́ òkúta tó ń mì. Fàlílù. Kàsúmù.

Orúkọ mẹ́fà. Ìka márùn-ún.

Mo rò pé ogbó ni.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Fẹ́búárì

Ní kíláàsì, wọ́n ní kí n ka ìwé sókè. Mo kà á bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aago fi lù. N kò jẹun ọ̀sán.


Ọjọ́rú, 13 Fẹ́búárì

Wọ́n ti wó ògiri balùwẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ohun tó ti wà níbẹ̀ ju ogójì ọdún lọ, ìdajì wákàtí ló gbà. Ẹní la fi ń ṣe ògiri báyìí, Àdìzát á dì í mú fún mi, èmi náà á dì í mú fún un.

Wọ́n rí ìkòkò kìíní ní ìrọ̀lẹ́. Kò tóbi ju orí ọmọdé lọ. Àwo kékeré ni wọ́n fi dé e lẹ́nu. Jìbírílù tó ń ṣàwàdà láti àárọ̀ yọ fìlà rẹ̀. Bàbá Tuntun gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sórí aṣọ funfun.

"Ìyá mi, ta nìyí?"

"Igun ni? Sírájúdéènì ni."

Ó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi," bí ẹni ń kí àlejò.


Ọjọ́bọ̀, 14 Fẹ́búárì

Mo sáré ti ilé-ìwé dé. Mẹ́rin ló wà lórí aṣọ, wọ́n sì ń mú ìkarùn-ún jáde. Ìyá Àdìzát dáná àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́. Inú gbogbo wọn dùn. Ìyá Àgbà nìkan ló jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dárúkọ.

"Èyí ńkọ́, ìdí ògiri?" Bàbá Tuntun béèrè.

 Ẹnu Ìyá Àgbà ṣí, ó pa dé. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n.

"Bàdírù."

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Bàbá Tuntun fọ ọwọ́. Ó ní kí Jìbírílù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tèmi ló kù. Ìyá mi, apá ibo?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. N kò rántí."

"Ẹ rántí ti gbogbo àwọn yòókù."

Ó gbẹ́ apá ọ̀tún. Kò rí nǹkan kan. Ó gbẹ́ apá òsì. Jìbírílù ní, "Bàbá Àdìzát, bóyá tiyín ti di sìmẹ́ńtì, ẹ kúkú fẹ́ràn rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tún gbẹ́ ilẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 15 Fẹ́búárì

Jímọ̀. Kò síṣẹ́. Nídìí oúnjẹ, Àdìzát ní bóyá ajá ló wú u lọ láyé àtijọ́. Bàbá rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ọmọ márùn-ún, bàbá mi sin tiwọn. Kí ló dé tí kò sin tèmi?"

Ìyá Àgbà dìde lọ wo ewúrẹ́. Kò sí ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé lónìí, a ti kó wọn fún aládùúgbò nítorí iṣẹ́.


Ọjọ́ Àìkú, 17 Fẹ́búárì

Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì pálọ̀. Ó tutù, ó dán, ó ń run bí òjò. Jìbírílù fi okùn àti ọ̀dà pupa fa ìlà sí i. A kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ṣe pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, Bàbá Tuntun ì bá ti pe gbogbo àdúgbò wá wò ó.

Kò wò ó. Ó wà nínú kòtò. Ó ti bọ́ agbádá, ó wọ ṣòkòtò penpe, ó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n háyà. Àwọn ìkòkò márùn-ún ṣì wà lórí aṣọ, wọ́n fi agbọ̀n bò wọ́n. Ó ní òun kò ní í sin wọ́n láìsí tòun. Ó ní bí òun bá sin ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò òun, tí òun kò sì rí tòun, ta ni òun?

Ìyá Àdìzát ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ṣé ìkòkò lẹ fi ń rìn ni? Ẹ wà láàyè, ẹ ń jẹun."

Ó tún ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Fẹ́búárì

Lọ́rì kò jáde láti Ọjọ́bọ̀. Dírẹ́bà wá láti Ṣàngó, ó dúró lórí etí kòtò, ó ní gààrí ti ń bu níbùdókọ̀, ó tún lọ.

Jìbírílù wá bá a sọ̀rọ̀. Kò ṣàwàdà rárá. Kòtò ti ń sún mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní, "Ògiri amọ̀ ni, Bàbá Àdìzát, kò ní ìpìlẹ̀ kan lọ títí. Bẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un, yóò wó. Yóò wó lórí yín." Bàbá Tuntun ní kó máa lọ, òun yóò ránṣẹ́ sí i. Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ.


Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Ó ṣì ń gbẹ́ ẹ.


Ọjọ́bọ̀, 21 Fẹ́búárì

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí n má baà fi tèmi kún un.

Mo ti ilé-ìwé dé, Ìyá Àgbà sì pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ kì í sinmi. Lọ́jọ́ tó o bá mi dirun, mo rí ọ tó o ń ka ìka mi. Kí lo rí?"

 Mo ní, "Orúkọ mẹ́fà, ìka márùn-ún, Ìyá Àgbà."

Wọ́n mi orí, bíi pé mo gbé ẹrù kan tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí lé wọn lọ́wọ́.

Wọn kò bí i. Àbúrò wọn obìnrin, Ọmọ́lẹ́yẹ, ló bí Láwàlì ní aba wọn ní Ìlo-Awéla, lọ́dún ogun Jámánì. Ọkọ Ọmọ́lẹ́yẹ ni wọ́n kó lọ ru ẹrù ogun ní Kàmẹ́rúùnù, kò padà. Ọmọ́lẹ́yẹ bímọ lálẹ́, ilẹ̀ mọ́ bá a lókùú. Ìyá Àgbà àti ọkọ wọn wà ní aba náà lọ́dún yẹn. Ọ̀tà ni wọ́n ti bí Bàdírù kí wọ́n tó pọ̀n ọ́n lọ, ó kú sọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Oṣù mẹ́fà ni. Wàrà ṣì ń ro wọ́n lọ́yàn. Wọ́n gbé Láwàlì sí i.

Ó tó ọdún méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó padà sí Ọ̀tà. Àwọn ará ilé rí ọmọ lẹ́yìn wọn, wọ́n rò pé Ìyá Àgbà ló bí i, wọ́n kí wọn kú ewu ọmọ. Ọkọ wọn ní kí wọ́n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ìdílé òun bá mọ̀, wọn yóò máa pè é ní ọmọ òrukàn lójú rẹ̀, wọn kò sì ní í fún un ní yàrá kan nínú ilé yìí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ti kú.

Mo béèrè ohun kan. N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ pé èyí tó wà nídìí ògiri ni ti Bàbá Àdìzát? Wọn ì bá ti ṣíwọ́."

Ìyá Àgbà sọ pé, "Mo fẹ́ sọ ọ́. O rí mi. Orúkọ Láwàlì ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n Bàdírù ò ní ibojì tí mo lè tọ́ka sí mọ́, igbó ti bo aba. Ìkòkò yẹn nìkan ni ohun tó ní láyé. Mo ti gba ọyàn rẹ̀ fún Láwàlì. N kò lè tún gba ìyẹn."

Wọn kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Ìkòkò Láwàlì wà ní Ìlo-Awéla, lẹ́yìn ibi tí ahéré wà, lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí lára igi ìrókò kan tí mànàmáná gé lórí. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló sin ín.


Ọjọ́ Ẹtì, 22 Fẹ́búárì

Ògiri pálọ̀ ti sán. Láti orí fèrèsé díńgí tuntun títí dé ilẹ̀. Ìlà pupa tí Jìbírílù fà ti là sí méjì. Àdìzát jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tó sán. Ó ní, "Kí àwọn ará Èkó má wulẹ̀ wá mọ́." Ìyá rẹ̀ ti lọ pe àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí.

Bàbá Tuntun ti Jímọ̀ dé, kò jẹun, ó bọ́ sínú kòtò. Ó ti rì dé àyà. Nígbà tí mo kọjá lọ pọn omi, mo rí i pé kò fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń tú u, ó ń fọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ìka. Èékánná rẹ̀ ti ya.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo bá Ìyá Àgbà sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ògiri yóò wó lù wọ́n." Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn ti rìn dé etí kòtò lónìí. Wọ́n dé ibẹ̀, ó gbójú sókè, ó pè wọ́n ní ìyá mi, gbogbo ọ̀rọ̀ sì gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jẹ́ ìyá rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ sílẹ̀."  Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Bó bá bi ọ́, má purọ́ fún un."

Kò ní í bi mí. "Ṣé ìwé ń lọ dáadáa?" nìkan ló máa ń bi mí, kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò tíì kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ rí. Mo ti ń ronú nípa ìdílé náà, ta ni yóò ní ilé yìí bí wọ́n bá gbọ́. Mo ti ń ronú pé àlejò ni mí, pé wọ́n lè ní kí n di ẹrù mi padà sí Ìṣẹ́yìn. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri ti sán ti fẹ̀ débi tó gba odidi ọwọ́ mi.

Àbámẹ́ta ni ọ̀la, kò sí ilé-ìwé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó gbé omi mímu lọ fún un. N kò ní í nà án sí i láti òkè. N ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, n ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bó bá mu ún tán, tó dá ife padà fún mi, tó sì ní kí n máa lọ, n kò ní í dìde. N ó wà níbẹ̀ títí yóò fi bi mí ohun tí mò ń dúró dè.